Ọjọ́ Tó Wà Lórí Lẹ́tà: Ìtàn Tó Wà Lẹ́yìn Iṣẹ́ Àwọn Tó Ń Ṣọ́ Ìdánwò Oògùn

  Láti The Woodlands níbí, ní àríwá Houston, ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Gbogbo wa ni ọ̀rọ̀ òní kàn, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ tí a bí síbí, tí ẹ ń gbọ́ Yorùbá nílé, tí ẹ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì níta, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ jókòó tì mí. Ẹ máa mọ ìdí rẹ̀ kí n tó parí.

Ní òde ìkómọjáde kan, bàbá àgbà kan bi mí pé, "Iṣẹ́ wo lò ń ṣe gan-an?" Mo ní, "Bàbá, mò ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń dán oògùn tuntun wò." Bàbá ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Dókítà ni ẹ́?" Mo ní rárá o. "Nọ́ọ̀sì ńkọ́?" Mo ní rárá. "Apòògùn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó yà wọ́n lẹ́nu. "Kí wá ni ìwọ ń ṣe níbẹ̀?" Mo ní, "Ìwé ni mò ń tọ́jú, Bàbá. Èmi ni mo máa ń rí i pé wọ́n gba àṣẹ kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni ní oògùn náà." Bàbá fi ojú àánú wò mí, wọ́n rọra gbá mi léjìká, wọ́n ní, "Má dààmú. Olúwa á pèsè iṣẹ́ gidi."

Mo ṣe àmín. Mo jẹ ìrẹsì mi. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wakọ̀ bọ̀ nílé lórí I-45, ọ̀rọ̀ Bàbá ń yí lọ́kàn mi. Torí mo mọ ohun tí Bàbá ò mọ̀: iṣẹ́ ìwé yìí, omijé ló bí i. Kò sí ìwé kan nínú fáìlì mi tí kì í ṣe pé ẹnì kan ti jìyà níbì kan kí òfin tó ní ká máa kọ ọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Lónìí mo fẹ́ mú yín dé etí kòtò mẹ́ta. Ọ̀kan wà ní Alabama. Ọ̀kan wà níbí ní Houston. Ẹ̀kẹta wà nílé, ní Kánò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ máa wò nínú kòtò yẹn.

Bí dókítà kan ní yunifásítì bá fẹ́ dán oògùn tuntun wò lára ènìyàn, kò lè kàn fa abẹ́rẹ́ yọ. Ó gbọ́dọ̀ kọ ètò ìwádìí náà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ta ni wọ́n máa gbà, ta ni wọn ò ní gbà, báwo ni oògùn náà ṣe máa pọ̀ tó, kí ni wọ́n máa ṣe bí ara ẹnì kan bá kọ̀ ọ́. Bí oògùn náà ò bá tíì gba àṣẹ, àwọn tó fẹ́ dán an wò gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí FDA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, kí wọ́n sì dúró fún ọjọ́ 30. Lẹ́yìn náà ni ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní IRB. Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ yìí ni láti dúró gẹ́gẹ́ bí agbẹnusọ fún ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ìwádìí. Òfin ní wọn ò gbọ́dọ̀ dín ní ènìyàn 5. Ẹnì kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí kò bá yunifásítì náà tan, tí kò jẹ wọ́n, tí wọn ò jẹ ẹ́.

Ìgbìmọ̀ yìí á ka ètò náà, wọ́n á ka ìwé ìyọ̀ǹda tí aláìsàn máa fọwọ́ sí, wọ́n á bèèrè ìbéèrè, wọ́n á ní kí wọ́n lọ tún un kọ. Ìgbà tí wọ́n bá fọwọ́ sí i tán ni iṣẹ́ tó lè bẹ̀rẹ̀. Bí dókítà bá sì fẹ́ yí ohunkóhun padà lẹ́yìn náà, ì báà jẹ́ iye ìgbà tí wọ́n máa gba ẹ̀jẹ̀, ó gbọ́dọ̀ padà lọ sọ́dọ̀ wọn kó tó ṣe é, àfi bó bá jẹ́ láti gba aláìsàn lọ́wọ́ ewu ojú ẹsẹ̀.

Èmi ni mò ń gbé ìwé wọ̀nyí lọ tí mò ń gbé wọn bọ̀. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ìbéèrè kan náà ni mò ń bi gbogbo ènìyàn. Ta ló fọwọ́ sí i? Ọjọ́ wo ló fọwọ́ sí i? Ṣé ṣáájú ni, àbí lẹ́yìn? Àwọn dókítà kan máa ń rò pé mo fẹ́ràn wàhálà. Aláìsàn fọwọ́ sí ìwé ní ọjọ́ kejìlá, ìwé tó fọwọ́ sí sì jẹ́ ti àtijọ́ tí ìgbìmọ̀ ti pààrọ̀ ní ọjọ́ kẹwàá. Wọ́n á ní, "Ọjọ́ méjì péré kẹ̀?" Mo máa ní bẹ́ẹ̀ ni o, ọjọ́ méjì. Ẹ jẹ́ ká lọ wo ìdí rẹ̀.

Kòtò àkọ́kọ́ wà ní ìpínlẹ̀ Alabama, ní agbègbè Macon, nítòsí Tuskegee. Ní 1932, àjọ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà kó ọkùnrin aláwọ̀ dúdú 600 jọ. Àwọn 399 ní àrùn sífílíìsì lára, àwọn 201 kò ní in. Àgbẹ̀ tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọn ò sọ orúkọ àrùn náà fún wọn. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ wọn ló bàjẹ́. Wọ́n fún wọn lóúnjẹ lọ́jọ́ àyẹ̀wò, wọ́n fi ọkọ̀ gbé wọn lọ, wọ́n gbé wọn bọ̀, wọ́n sì ṣèlérí owó ìsìnkú fún wọn. Àwọn ènìyàn náà rò pé wọ́n ń tọ́jú àwọn ni. Ohun tí ìjọba ń wò ni bí àrùn náà ṣe máa ba ara jẹ́ títí ẹni náà á fi kú.

Nígbà tí àwọn ọdún 1940 fi ń parí lọ, pẹnisílíìnì ti di oògùn tí wọ́n fi ń wo sífílíìsì níbi gbogbo. Wọn ò fún wọn. Ọdún 40 ni ọ̀rọ̀ yìí fi lọ bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ àjọ ìlera kan tó ń jẹ́ Peter Buxtun bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ láti 1966 pé ohun tí wọ́n ń ṣe kò dáa. Wọn ò dá a lóhùn bó ṣe yẹ. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà fún oníròyìn, ó sì bọ́ síta ní July 1972. Kí ọdún yẹn tó parí, ìwádìí náà dópin.

Ẹ jẹ́ kí n fi èdè wa sọ ọ́. Ìjọba mọ̀. Dókítà mọ̀. Nọ́ọ̀sì mọ̀. Ẹni tó ni ara nìkan ni kò mọ̀.

Kòtò kejì ò jìnnà síbi tí mo jókòó sí yìí. Bí ẹ bá gba I-45 lọ sí gúúsù láti The Woodlands, tí ẹ la àárín ìlú Houston kọjá, ẹ máa dé Texas Medical Center, níbi tí ilé ìwòsàn ti tò lọ bí ìsọ̀ ọjà. Níbẹ̀, ní ilé ìwòsàn St. Luke's, ní ọjọ́ 4 oṣù April 1969, Dókítà Denton Cooley ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe rí láyé. Ọkùnrin ẹni ọdún 47 kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Haskell Karp. Ọkàn rẹ̀ ti fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Cooley yọ ọkàn náà, ó fi ọkàn tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe rọ́pò rẹ̀. Karp lò ó fún bíi wákàtí 64. Wọ́n wá rí ọkàn ènìyàn fún un, wọ́n fi í sí i, ṣùgbọ́n kò ju ọjọ́ kan ààbọ̀ lọ tó fi kú.

Gbogbo ayé pariwo Houston. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà ní Washington tí inú rẹ̀ ò dùn. Dókítà Michael DeBakey, ọ̀gá iṣẹ́-abẹ ní Baylor, ìlú òkèèrè ló ti gbọ́. Dókítà Domingo Liotta tó ṣe ọkàn náà, ilé ìwádìí DeBakey ni òun ti ń ṣiṣẹ́, owó ìjọba àpapọ̀ sì ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ ibẹ̀. Láti 1966, àjọ ìlera ìjọba ti pàṣẹ pé ẹni tó bá ń fi owó ìjọba ṣe ìwádìí lára ènìyàn, ìgbìmọ̀ kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìgbìmọ̀ yẹn wà ní Baylor. Ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n.

Cooley ní ikú ti dé tán, kò sí àyè à ń pe ìpàdé. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Bí bàbá yín bá wà lórí tábìlì yẹn, ẹ ò ní fẹ́ gbọ́ nípa ìgbìmọ̀. Karp fúnra rẹ̀ sì fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ pe Cooley lẹ́jọ́ lẹ́yìn náà, Cooley ló jàre, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì fọwọ́ sí ìdájọ́ yẹn ní 1974. Ṣùgbọ́n Cooley fi Baylor sílẹ̀, òun àti DeBakey ò sì bá ara wọn ṣọ̀rẹ́ mọ́ títí di 2007, nígbà tí àwọn méjèèjì ti di arúgbó.

Kí ni ẹ̀kọ́ ibẹ̀? Ẹni tó ń kú lọ máa fọwọ́ sí ohunkóhun. Ẹni tí omi ń gbé lọ, kò ní bi okùn léèrè bóyá ó ti gbó. Ìdí nìyẹn tí ìbuwọ́lù aláìsàn nìkan ò fi tó. Ẹlòmíràn tí omi ò gbé gbọ́dọ̀ ti yẹ okùn náà wò kí wọ́n tó jù ú sómi.

Ẹ wo nǹkan kan tó máa ń dùn mọ́ mi. Ọdún 1974 yẹn náà, ní ọjọ́ 12 oṣù July, ni Ààrẹ Nixon fọwọ́ sí òfin tó sọ ìgbìmọ̀ wọ̀nyí di dandan fún ibi tó bá ń gba owó ìjọba láti ṣe ìwádìí lára ènìyàn. Ariwo Tuskegee ló bí òfin náà. Ní oṣù October ọdún náà ni George Mitchell, ọlọ́rọ̀ epo rọ̀bì, ṣí The Woodlands sílẹ̀ láàárín igbó igi páìnì. Ìlú tí mò ń gbé àti iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ẹgbẹ́ ni wọ́n. Ní 1979, ìgbìmọ̀ tí òfin yẹn gbé kalẹ̀ tẹ ìwé kan jáde tí wọ́n ń pè ní Belmont Report. Nǹkan mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: kí a bọ̀wọ̀ fún ènìyàn, kí a ṣe é ní oore kí a má ṣe é níbi, kí ìyà ìwádìí má jẹ́ ti tálákà kí èrè rẹ̀ wá jẹ́ ti olówó.

Ẹ ó ní ó ti parí nìyẹn. Òfin ti wà, ìgbìmọ̀ ti wà. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Kánò.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1996, àrùn yírùnyírùn, tí àwọn dókítà ń pè ní meningitis, bẹ́ sílẹ̀ ní àríwá Nàìjíríà. Nígbà tó fi máa rọlẹ̀, ó ti mú ènìyàn tó lé ní 100,000 ní Nàìjíríà, àwọn tó kú sì lé ní 11,000. Ilé ìwòsàn àrùn àkóràn ní Kánò kún àkúnya. Àwọn ìyá gbé ọmọ dání lórí ilẹ̀. Àwọn dókítà aláàánú MSF wà níbẹ̀, wọ́n ń fi oògùn tí gbogbo ayé mọ̀ tọ́jú ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní April, ilé-iṣẹ́ Pfizer dé láti Amẹ́ríkà pẹ̀lú oògùn tuntun kan tó ń jẹ́ Trovan. Wọn ò tíì fún wọn láṣẹ láti tà á níbi kankan nígbà náà. Wọ́n yan ọmọdé 200. Wọ́n fún 100 ní Trovan, wọ́n fún 100 ní ceftriaxone, oògùn tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n lè fi ìkíní wé ìkejì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n palẹ̀ mọ́, wọ́n lọ. Ọmọ 11 kú: 5 nínú àwọn tó gba Trovan, 6 nínú àwọn yòókù. Àwọn ẹbí kan sọ pé ọmọ àwọn tó yè di adití, òmíràn rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀.

Ẹ fara balẹ̀ níbí, torí ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi ìtàn náà sọ. Iye ọmọ tó kú níhà méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Pfizer sọ pé àrùn náà fúnra rẹ̀ ló ń pa ènìyàn tó sì ń ba ọpọlọ jẹ́, wọ́n ní oògùn àwọn gba ẹ̀mí là, wọ́n sì ní àwọn nọ́ọ̀sì ṣàlàyé fún àwọn òbí lẹ́nu. Àwọn ẹbí sọ pé ẹnikẹ́ni ò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Wọ́n ní àwọn rò pé ìtọ́jú lásán ni, wọn ò sì sọ fún àwọn pé oògùn ọ̀fẹ́ mìíràn wà nínú ọgbà kan náà. Wọ́n tún fẹ̀sùn kàn pé wọ́n dín ìwọ̀n ceftriaxone kù kí Trovan lè dà bí ọ̀gá. Pfizer ní irọ́ ni.

Nítorí náà, ìjà Kánò ju ọ̀rọ̀ bóyá oògùn náà jẹ́ májèlé lọ. Ìjà náà ni pé: ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni bi ìyá ọmọ?

Ibí ni ìwé ti wọ ọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n bèèrè àṣẹ ìgbìmọ̀, ilé-iṣẹ́ náà gbé lẹ́tà kan kalẹ̀, wọ́n ní ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Aminu Kano ló kọ ọ́. Ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 28 oṣù March 1996, ìyẹn ṣáájú ìdánwò náà. Gbogbo nǹkan gún régé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé ìròyìn Washington Post bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí, ní ìparí 2000 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2001, àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn náà sọ pé ní March 1996, ilé ìwòsàn àwọn kò ní ìgbìmọ̀ kankan tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bébà tó ní àmì ìgbìmọ̀ náà lórí, tí wọ́n fi kọ lẹ́tà yẹn, kò tíì sí nígbà náà.

Àwọn bàbá wa ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Lẹ́tà yìí ò lò tó ọdún 5. Ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ ló tú u fó.

Ṣé ẹ ti wá rí ìdí tí mo fi ń bèèrè ọjọ́? Bí wọ́n bá lè kọ lẹ́tà àṣẹ lẹ́yìn tí wọ́n ti fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ tán, a jẹ́ pé kò sẹ́ni tó bèèrè àṣẹ, wọ́n kàn ń bo àṣírí ni. Ìbéèrè ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú abẹ́rẹ́. Gbogbo iṣẹ́ mi kò ju gbólóhùn yẹn lọ.

Ẹjọ́ náà pẹ́. Àwọn ẹbí pe Pfizer lẹ́jọ́ ní New York ní 2001. Ní January 2009, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ibẹ̀ sọ pé ẹjọ́ wọn lè tẹ̀síwájú, torí pé fífi ènìyàn ṣe ìdánwò láìgba ìyọ̀ǹda rẹ̀ lòdì sí òfin tí gbogbo orílẹ̀-èdè gbà. Ọdún náà ni Pfizer àti ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò yanjú ọ̀rọ̀ láàárín ara wọn lórí 75 mílíọ̀nù dọ́là, láìjẹ́ pé Pfizer gbà pé òun jẹ̀bi. Ní 2011, ẹbí mẹ́rin àkọ́kọ́ gba 175,000 dọ́là ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọdún 15 ti kọjá.

Ṣùgbọ́n ìyà náà ò dúró lórí ọmọ 200 yẹn. Ní 2003, Kánò kọ abẹ́rẹ́ àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Wọn ò gbà á fún bí ọdún kan. Ìdí rẹ̀ pọ̀, òṣèlú wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n Trovan wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Àrùn náà tàn láti ibẹ̀ dé orílẹ̀-èdè mìíràn tó ti rò pé òun ti bọ́. Àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí ní 1996 ló san gbèsè lẹ́tà yẹn.

Ẹ̀kọ́ náà wọlé sára Nàìjíríà. Ní 2007, orílẹ̀-èdè wa gbé ìwé òfin ìwà ẹ̀tọ́ fún ìwádìí ìlera jáde. Ọmọ Yorùbá kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Clement Adebamowo, oníṣẹ́-abẹ ní Ìbàdàn, ni alága ìgbìmọ̀ tó ṣe é. Òfin ìlera 2014 wá fi ìdí ìgbìmọ̀ náà múlẹ̀ pátápátá.

Ẹ má ṣe jẹ́ ká kúrò ní Kánò pẹ̀lú ìbànújẹ́ nìkan. Láti 2016, àwọn dókítà Nàìjíríà àti ti yunifásítì Vanderbilt ní Amẹ́ríkà ṣe ìdánwò mìíràn ní Kánò àti Kàdúná. Àwọn ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni wọ́n fi ṣe é, àwọn tí àyẹ̀wò fi hàn pé àrùn rọpárọsẹ̀ lè kọlù wọ́n. Ìbéèrè wọn ni pé: ṣé ìwọ̀n hydroxyurea kékeré, tí owó rẹ̀ ò pọ̀, lè dáàbò bo ọmọ bíi ti ìwọ̀n tó jù ú lọ? Ọmọ 220 ni òbí wọn yọ̀ǹda. Àbájáde rẹ̀ ni pé ìwọ̀n méjèèjì ò yàtọ̀ síra nípa iye ọmọ tí rọpárọsẹ̀ mú. Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn fún òbí tí owó rẹ̀ ò tó nǹkan. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àrùn yìí ò jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ẹ rò ó wò. Ìlú kan náà. Ọdún 20 péré lẹ́yìn Trovan. Àwọn ìyá Kánò tún gbé ọmọ wá. Kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé o. Wọ́n bi wọ́n léèrè ni, wọ́n sì dáhùn.

Ó ku ẹ̀yin ọmọ wa tí mo ní kí ẹ jókòó tì mí.

Màmá kan wà nínú àwọn tí mo mọ̀ níbí, ó wá kí ọmọ rẹ̀ láti Òṣogbo. Ara rẹ̀ ò yá, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan, wọ́n sì ní ó lè wọnú ìwádìí kan bó bá fẹ́. Kò sí ògbufọ̀. Wọ́n ní kí ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 15, bá wọn túmọ̀. Dókítà sọ pé kọ̀ǹpútà ló máa yan ẹni tó máa gba oògùn tuntun. Ọmọ náà ronú, ó ronú, ó ní, "Grandma, wọ́n ní kọ̀ǹpútà máa mú yín." Màmá dìde. "Mú mi kẹ̀? Kí ni mo jí?" Wọn ò rí màmá náà ní ilé ìwòsàn yẹn mọ́.

A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ọmọ náà ò ṣe nǹkan burúkú. Ẹrù àgbà ni wọ́n gbé ru ọmọdé. Òfin sọ pé èdè tí ẹni náà gbọ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi bá a sọ̀rọ̀ kó tó fọwọ́ sí i. Òfin ìlera ìjọba àpapọ̀ ò sì gbà kí ilé ìwòsàn tó ń gba owó ìjọba máa fi ọmọdé ṣe ògbufọ̀, àfi bí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì bá dé. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá ẹni tó gbọ́ Yorùbá." Ọ̀fẹ́ ni.

Síbẹ̀, ẹ kọ́ àwọn ọ̀rọ̀ náà, torí bí ògbufọ̀ tiẹ̀ dé, ẹ̀yin lẹ máa jókòó ti màmá yín. Tí wọ́n bá ní kọ̀ǹpútà máa yàn, ẹ sọ pé bí ìgbà tí a bá ṣẹ́ kèké ni, dókítà ò mọ ibi tó máa já sí. Tí wọ́n bá dárúkọ placebo, ẹ sọ pé ó jọ oògùn lójú ṣùgbọ́n kò sí oògùn nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá ní ó lè jáde nígbàkígbà, ẹ sọ pé, "Mọ́mì, bí ẹ bá wọlé lónìí, ẹ lè ní ẹ ò ṣe mọ́ lọ́la, wọn ò gbọ́dọ̀ torí ẹ̀ ṣíwọ́ ìtọ́jú yín."

Ẹ tún mọ̀ pé àwọn òbí wa máa ń bọ̀wọ̀ fún dókítà ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n á kàn máa mi orí, "Yes, doctor." Orí mímì kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Ẹ bá wọn bèèrè. Ṣé ìtọ́jú nìyí àbí ìwádìí? Kí ni wọ́n máa ṣe fún mi bí mi ò bá gbà? Kí ló lè ṣẹlẹ̀ sí mi? Ta ni mo lè pè bí nǹkan bá yíwọ́? Ìgbìmọ̀ wo ló fọwọ́ sí i? Láti January 2019, òfin ní kí ìwé ìyọ̀ǹda ìwádìí tí owó ìjọba wà nídìí rẹ̀ kọ́kọ́ sọ kókó ọ̀rọ̀ ní ṣókí níwájú, kó tó máa ka ẹsẹ̀ òfin. Bí ẹ ò bá rí kókó náà, ẹ dá ìwé padà.

Mi ò sọ pé kí ẹ sá fún ìwádìí o. Bí gbogbo aláwọ̀ dúdú bá sá, oògùn tí wọ́n bá ṣe máa jẹ́ èyí tí wọn ò dán wò lára irú wa. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹ wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n bi léèrè.

Bàbá tó gbá mi léjìká lóde yẹn, mo tún pàdé wọn ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà. Wọ́n ní kí n wá wo ìwé kan. Ìwé ìyọ̀ǹda ni, ilé ìwòsàn ló fún wọn, ojú ìwé 18. Wọ́n ní, "Ìwọ tó o mọ̀wé, kí ni wọ́n wí?" A jókòó, a kà á láti orí dé ìsàlẹ̀. Ó gbà wá ní wákàtí méjì. Nígbà tí a parí, wọ́n mú kálàmù, wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n wá bi mí pé, "Òní jẹ́ ọjọ́ kelòó?"